Abẹ́ Tábìlì Màmá Nílé Aṣòfin

Bí mo bá ń kọjá ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, tí mo gbọ́ táká-táká máṣíìnì ìtẹ̀wé, òórùn tàdáwà àti pàúdà ọmọ ló máa ń kún imú mi. Nínú gbogbo ìdílé wa, èmi tí mo sá kúrò ní ekóòlù láì kàwé tán yìí ni mo kọ́kọ́ jókòó nílé aṣòfin. Abẹ́ tábìlì ni o.

Màmá mi ló ń bá àwọn dépíté, àwọn aṣòfin wọ̀nyẹn, tẹ̀wé ní yàrá ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn. Ìyá àgbà tó ń tọ́jú wa ń ṣàìsàn lọ́jọ́ náà, ló bá kó èmi àti àbúrò mi jòjòló pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Ọ̀gá rẹ̀ ti kìlọ̀ pé bí òun bá tún gbọ́ igbe ọmọ níbẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Èmi ni Màmá ní kí n máa rẹ ọmọ. Mo rẹ ara mi sùn.

Igbe àbúrò mi ló jí mi. Ọ̀gá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màdáàmù, ṣé ilé ìgbẹ̀bí nìyí?"

Wàrà ti rin iwájú bùláòsì Màmá. Bàbá aṣọ́nà, tí kì í ṣe ẹbí wa rárá, bá wọlé, ó gbé ọmọ, ó sì pọ̀n ọ́n sórí kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ oníbọ́tìnnì wúrà.

"Ọmọ-ọmọ mi ni, Ọ̀gá. Èmi ni mo gbé e wá. Ẹ lé mi."

Ọ̀gá wo irun funfun orí rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́.

Mo yọrí lábẹ́ tábìlì. "Bàbá, ẹ pọn èmi náà!"

"Ìwọ olóorun yìí? Gbẹ́nu dákẹ́!"

Màmá rẹ́rìn-ín, ó ń tẹ̀wé lọ. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé nínú gbogbo àwọn tó ń ṣòfin lẹ́yìn ògiri yẹn, kò sí ìyá ọmọ kankan.