Sípíkà Kẹta ní Àgbàlá Àwọn Obìnrin

N kì í tètè gba ènìyàn gbọ́, n ò ní purọ́. Ẹni tó bá ń fọwọ́ bo iṣẹ́ rẹ̀, èmi á fojú sí i lára. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń fura sí Sàlísù, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní Ìpakodò, èbúté Ìkòròdú.

Ilẹ̀ Bọ́mà lókè òkun ló ti kọ́ iṣẹ́ wáyà, nígbà tó ń ṣe sójà nínú ogun àgbáyé kejì. Nígbà tó dé, ó kan ìsọ̀ onípákó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté, ó ń tún rédíò ṣe fún ará Ìkòròdú àti Ìjẹ̀dẹ́. Bó bá fẹ́ tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, á ní kí oníbàárà dúró síta, pé iná inú rẹ̀ lè pani. Bó bá sì dé e tán, á kán àbẹ́là pupa lé orí àwọn nọ́ọ̀tì tó fi dè é, kí ó lè mọ̀ bí ẹlòmíràn bá tú u. Mo máa ń bi ara mi pé kí ló ń fi pamọ́ gan-an.

Lọ́dún 1957, mo ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè fún gìtá mi, pẹ̀lú àpótí tí sípíkà méjì wà nínú rẹ̀. Sàlísù ló so wáyà wọn. Ẹbí wa ní Ẹ̀pẹ́ náà ń lò ó. Bí àwọn ọmọ bá parí Kùránì tí a ń ṣe wòlímọ̀, òun làwọn ààfáà fi ń wàásù. Ní wòlímọ̀ kìíní, ẹ̀rọ náà rú èéfín. Mo gbé e wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìpakodò, Sàlísù ní taransífọ́mà rẹ̀ ló jó, ó sì wé wáyà tuntun sí i. Ní wòlímọ̀ kejì, ó tún jó, mo sì tún gbé e padà lọ. Sàlísù bi mí bóyá a fi nǹkan kún un. Mo ní rárá, inú sì bí mi, nítorí lójú tèmi, ẹni tó máa di ẹ̀bi rù ló ń wá. Ó dá mi lójú pé ó ń yọ wáyà gidi, ó ń fi jákujàku rọ́pò. Mo sọ ọ́ ní èbúté, mo sọ ọ́ nínú ọkọ̀, mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tó ní rédíò ní Ìkòròdú.

Nígbà tó tún un ṣe tán, mo ní kí ó bá mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún wòlímọ̀ kẹta. Ó tẹ̀ lé mi. Bàbá Láwàl, olórí ẹbí wa, ti gbé Kùránì kalẹ̀ dè é: bí kò bá búra, a ó pè é lólè lójú gbogbo ènìyàn.

"Màá búra, bàbá," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tò ó bí wọ́n ṣe máa ń tò ó."

A tò ó. Sàlísù fọwọ́ tọ wáyà láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Wáyà náà gba ara ògiri, ó yí igun ilé, ó wọ àgbàlá tí àwọn obìnrin máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ló ti bá sípíkà rédíò àtijọ́ kan.

Sèlíátù ìyàwó mi yíjú sí mi. "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé e síbí ká lè máa gbọ́ wàásù. Ṣé ẹ ò sọ fún ẹni tó ń tún un ṣe ni?"

N ò sọ. Nílé wa, kò sí wàásù tí a kì í na wáyà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. N ò tiẹ̀ kà á sí àfikún rárá.

Sàlísù nu ẹ̀yìn sípíkà náà, ó fi nọ́ńbà óòmù tó wà níbẹ̀ hàn mí: mẹ́ta. Ti inú àpótí, mẹ́ẹ̀dógún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná rí ọ̀nà méjì gbà, wọ́n di méje àtààbọ̀, ihò tí wọ́n kọ iye yẹn sí lẹ́yìn ẹ̀rọ ló sì ki wáyà wọn bọ̀. Mo ní mẹ́ta kéré sí mẹ́ẹ̀dógún, iná wo ló lè fà?

"Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ló ń fà jù," ó ní. "Kì í dí iná lọ́nà púpọ̀. Ẹ̀rọ yín ń gbé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, ló fi ń jó."

Ó já sípíkà kékeré náà, ó yọ ọ̀kan nínú ti àpótí, ó gbé e sí àgbàlá, kí ó lè jẹ́ pé àwọn méjì àkọ́kọ́ náà ni ẹ̀rọ ń gbé. Àwọn obìnrin gbọ́ wàásù dé òpin, ẹ̀rọ kò sì rú èéfín. Bàbá Láwàl ní kí a gbé Kùránì wọlé. Sàlísù ní kí wọ́n má gbé e. Ó ṣe àlùwàlá, ó búra pé òun kò yọ ohunkóhun, ó sì lọ sí èbúté láìjẹun.

Ojú tì mí gan-an. Nígbà tí mo fi máa dé Ìpakodò lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, àwọ̀n ẹja ló ń hun, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbé rédíò wá mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní Ìkòròdú, mo ń sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi, pé olóòótọ́ ni ọkùnrin náà. Ẹni tí mo kọ́kọ́ ba orúkọ Sàlísù jẹ́ létí rẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀.

"Mọ́ṣúdù," ó ní, "kí ni Sàlísù fún ọ?"