Ìkòkò Ẹran Àna Mi àti Ìjọ Àwọn Aláìlera

Lọ́jọ́ tí mo ka lẹ́tà tí àpọ́sítélì kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì ní ìjọ wa, àwọn ará Kọ́ríńtì gbọ́ ọ níbi tí wọ́n sùn sí, wọ́n sì dáhùn pé "Àmín." Àwọn ẹyẹ tó wà lórí igi ọbì lẹ́yìn ilé ìjọsìn sọ̀kalẹ̀, wọ́n tò sójú fèrèsé, wọ́n ṣí fìlà. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àwọn ẹyẹ náà léèrè. Àwọn tó kù nínú wọn ti darúgbó bíi tèmi, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbàgbé.

Ìwé mi ò pọ̀ o. Ilé-ìwé lé mi, tàbí èmi ni mo lé ilé-ìwé, ọ̀kan nínú méjèèjì ṣáà ni. Abúlé wa wà nínú oko, tí èèyàn bá kọjá Àkàkà díẹ̀, iṣẹ́ gbàǹja ni mo sì ń ṣe: a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó tò ó sínú agbọ̀n, a ó fi ewé bò ó kó má baà gbẹ, ọkọ̀ á wá kó o lọ sí Ṣàgámù fún àwọn tó ń gbé e lọ sókè Ọya. Ṣùgbọ́n ní gbogbo abúlé náà, àwa méjì péré ló lè ka Yorùbá láìdúró mí: èmi àti Lèmọ́mù. Nígbà tí wọn ò lè ní kí Lèmọ́mù wá ka ẹ̀kọ́ kejì, èmi ni iṣẹ́ náà já mọ́ lọ́wọ́.

Àsìkò tí àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú ni. Ìjọ wa ò tíì dàgbà nígbà náà. Páànù bo ibi pẹpẹ, imọ̀ ọ̀pẹ ló bo ibi tí àwa jókòó sí, nítorí náà tí òjò bá rọ̀, àlùfáà nìkan ni kì í tutù. Ìpẹ̀rú ló sì ti ń wá, lórí alùpùpù, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lọ́jọ́ tí a dá ìjọ sílẹ̀, ó ti sọ fún wa pé àwọn ìjọ tí àpọ́sítélì ń kọ lẹ́tà sí nígbà ìwáṣẹ̀, ìjọ tuntun bíi tiwa ni wọ́n, àwọn èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí wọn ò tíì mọ èyí tí wọn ó mú àti èyí tí wọn ó fi sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹ̀yin gan-an ló kọ ọ́ sí."

Ibi tó ti ṣì í nìyẹn. A gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Tí mo bá ti kà á pé ẹnì kan ń hùwàkíwà ní Kọ́ríńtì, gbogbo ìjọ á yí ọrùn, wọ́n á máa wá ẹni náà láàárín ara wọn. Lọ́jọ́ tí mo ka ibi tó ti bá wọn wí pé àwọn kan ń mutí yó nídìí Oúnjẹ Olúwa, adẹ́mu wa ni gbogbo ojú lọ bá. Ọkùnrin náà dìde.

"Ẹ̀yin ará, mi ò dé Kọ́ríńtì rí. Ibi tó jìnnà jù tí mo dé ni Ṣàgámù."

Ìyá Ìjọ fèsì láti ìjókòó rẹ̀. "Ta ló wá gbé ẹmu lọ fún wọn?"

Ibi tó ti ní kí àwọn ará máa fi ẹnu ko ara wọn lẹ́nu tí wọ́n bá ń kíra, ìpàdé la fi ṣe. A wo eyín Bàbá Ìjọ, eyín tí gbàǹja ti pa láró láti ìgbà èwe rẹ̀, gbogbo wa sì gbà pé àpọ́sítélì ò tíì rí eyín yìí nígbà tó ń kọ̀wé. A bọ ara wa lọ́wọ́.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà, mi ò sì tíì níyàwó. Ìyá mi ti bẹ gbogbo alájọbí pé kí wọ́n bá mi wá a, ó ku kó bẹ ewúrẹ́. Ìgbà tó yá ni mo rí ọmọbìnrin kan ní abúlé kejì, ọmọ tó máa ń fi ojú rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó mọ̀ sí i. Ọmọ náà gbà. Ó ku bàbá rẹ̀ àti ìjọ.

Bàbá rẹ̀ ni olórí ìdílé tó ń bọ òrìṣà odò wọn. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá pa òbúkọ, wọ́n á se itan rẹ̀ kan, wọ́n á gbé e ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó ń tọrọ ọmọ wọn. Tó bá jẹ ẹ́, ó ti di ọmọ ilé. Tí ìkòkò bá padà pẹ̀lú ẹran nínú, ọkùnrin náà ti kọ ọmọ nìyẹn, kò tún sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ìjọ sì ní òfin tirẹ̀. Bàbá Ìjọ ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá fẹnu kan ẹran òrìṣà, àlùfáà ò ní kéde ìgbéyàwó rẹ̀. Ọmọ náà sì ti sọ tirẹ̀ tán: ṣọ́ọ̀ṣì ni òun ó ti ṣe ìyàwó, nínú aṣọ funfun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n lọ fẹ́ agbọ̀n gbàǹja mi.

Tí mo bá jẹ ẹran, mo pàdánù rẹ̀. Tí mi ò bá jẹ ẹran, mo pàdánù rẹ̀.

Ìkòkò dé ní ọ̀sán Sátidé. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló rù ú wá.

"Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi kí yín o. Wọ́n ní mo máa wá gbé ìkòkò lọ́la, lẹ́yìn ìsìn."

"Tí ẹran bá ṣì wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ óò máa ṣe ẹ̀gbọ́n mi títí ayé nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo ṣí ìkòkò. Òórùn tó jáde níbẹ̀, òkú ìbá jí kó béèrè abọ́. Mo dé e padà kíá, mo gbé e lọ sábẹ́ igi ọbì lẹ́yìn ilé ìjọsìn, mo lu agogo. Gbogbo ìjọ dé. Èmi ò mọ̀ bóyá agogo ni wọ́n gbọ́ àbí òórùn.

Mo ṣí lẹ́tà àwọn ará Kọ́ríńtì, ibi tí ọ̀rọ̀ ẹran òrìṣà wà, mo kà á fún wọn. Àpọ́sítélì ní òrìṣà kì í ṣe nǹkan kan. Ó ní oúnjẹ kọ́ ló ń mú èèyàn súnmọ́ Ọlọ́run. Inú mi ti ń dùn. Ṣùgbọ́n ó tún ní kí ẹni tó lágbára ṣọ́ra o, kó má baà jẹ́ pé jíjẹ tirẹ̀ ló máa gbé arákùnrin aláìlera ṣubú. Ibẹ̀ ni orí náà parí sí, ibẹ̀ ni mo sì pa ìwé dé, nítorí bí a ṣe máa ń kà á nìyẹn, orí kan lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń lo oògùn.

Bàbá Ìjọ dìde. Ọkùnrin gìrìpá ni, ó lè ru agbọ̀n gbàǹja kó tún máa súfèé lórí òkè. Ó gbé ọwọ́ láyà.

"Ẹ̀yin ará, èmi ni aláìlera náà."

Ìyá Ìjọ ní, "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ dá gbé ọ̀pẹ tó wó lulẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà lọ́jọ́ọjọ́sí?"

"Apá mi lágbára. Ọkàn mi ló rọ̀. Tí mo bá rí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹran yìí, mo ti ṣubú nìyẹn. Nítorí náà, ẹ gbé e lọ sílé mi, kí n máa bá yín ṣọ́ ọ, kó má baà gbé ẹlòmíràn ṣubú."

Ẹnu ya gbogbo wa. Bàbá yìí ti rí i pé nínú lẹ́tà yìí, aláìlera ni wọ́n ń bẹ̀. Kò sì sí ẹni tó gọ̀ ní abúlé wa.

Adẹ́mu dìde. "Àìlera tèmi ju ti Bàbá lọ. Òórùn ẹ̀ lásán ti fẹ́ gbé mi ṣubú." Ó ṣubú lóòótọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì kọ imú sí ẹ̀bá ìkòkò.

Ìyá Ìjọ ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá, adìyẹ tí ẹ máa ń jẹ ní Sunday, ó ti pẹ́ tó ti ń yọ ọkàn mi lẹ́nu. Mo kàn ń mú un mọ́ra ni."

"Adìyẹ kẹ̀? Ta ló fi adìyẹ bọ òrìṣà?"

"Èmi ò mọ̀. Mo ṣáà ń ṣubú."

Ẹnì kan ṣubú lórí ẹran ìgbẹ́. Ẹnì kan ṣubú lórí pọ̀nmọ́ aládùúgbò rẹ̀ tí kì í bù fún un. Obìnrin kan ní ẹja gbígbẹ ìyálé òun ń ba òun nínú jẹ́ nípa ti ẹ̀mí. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹran ti tán láyé, ẹja ti bá a lọ, ẹyin nìkan ló kù, òun náà sì ń gbọ̀n. Nítorí pé gbogbo wa fẹ́ pa ọ̀rọ̀ àpọ́sítélì mọ́, kò sí ẹni tó lè jẹ ohun tí ẹnì kejì ní ó ń gbé òun ṣubú. Ìkòkò ẹran mi sì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án. Mo gbé e lọ sílé, mo ń gbé e kaná kó má baà bàjẹ́. Mo ń wò ó, ó ń wò mí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àlùfáà dé pẹ̀lú eruku Ìpẹ̀rú lórí aṣọ. Ìyá Ìjọ gbé ìkọ́kọrẹ́ fún un kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, nítorí alùpùpù máa ń fi ebi pa á. Gbogbo Rẹ́mọ ló mọ ìkọ́kọrẹ́ Ìyá Ìjọ. Ẹja inú rẹ̀ máa ń pọ̀ débi pé ewùrà ló máa ń wá àyè. Lọ́jọ́ yẹn, ewùrà nìkan ló wà níbẹ̀. Àlùfáà fi ṣíbí tú u sọ́tùn-ún, ó tú u sósì, ó walẹ̀ dé ìdí abọ́.

"Ìyá, ẹja dà?"

"Ẹni ọ̀wọ̀, a ti di aláìlera."

"Ta ni?"

"Gbogbo wa."

Wọ́n rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ń wò wá bí ẹni tó pàdánù ọ̀nà.

"Ṣé gbogbo yín pátá ni? Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lágbára nínú ìjọ yìí?"

Kálukú ń wo aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun lágbára, wọ́n á gba ẹran ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Alágbára ni àpọ́sítélì sọ fún pé kó fi nǹkan rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹlòmíràn. Kò sọ fún aláìlera pé kó máa gba ìkòkò oníkòkò káàkiri. Bàbá, ta ni ọ̀rọ̀ yìí máa gbé ṣubú gan-an? Ọkùnrin yìí tó máa pàdánù ìyàwó, àbí ẹ̀yin?"

Bàbá Ìjọ ń wo ilẹ̀. Àlùfáà bá yíjú sí mi.

"Ìwọ tí o kàwé fún wọn, ṣé o kà á tán?"

"Mo ka orí náà tán, sà."

"Mo ní lẹ́tà náà! Tí ọmọ yín bá kọ lẹ́tà láti Èkó, ṣé ẹ máa ń ka àárín rẹ̀, kí ẹ pa á dé, kí ẹ wá máa jà? Lẹ́tà ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnì kan jókòó, ó kọ ọ́ sí àwọn tó mọ̀, tí wọ́n ń ja irú ìjà tí ẹ ń jà yìí. Kà á lọ."

Mo ka orí kan, mo ka ìkejì. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn: tí aláìgbàgbọ́ bá pè yín wá jẹun, ẹ jẹ ohun tó bá gbé kalẹ̀, ẹ má béèrè nǹkan kan.

"Àmín!" Bàbá Ìjọ pariwo, imọ̀ ọ̀pẹ mì. "Tún un kà!"

Mo tún un kà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ tó tẹ̀ lé e wà níbẹ̀, àlùfáà ò sì jẹ́ kí n fò ó: tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé wọ́n ti fi bọ òrìṣà, ẹ má jẹ ẹ́.

Ìyá Ìjọ fi ìka di etí méjèèjì. "Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi o!"

"Èmi náà," ni adẹ́mu wí. "Òórùn nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀."

Wọ́n ní kí n sáré lọ gbé ìkòkò wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀ ni ọmọ náà yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó wá gba ìkòkò bàbá rẹ̀.

"Ẹ kú ìsìn o. Ẹ̀gbọ́n, ẹran yìí, bàbá mi ní kí n sọ fún yín pé—"

"Má sọ̀rọ̀!"

Gbogbo ìjọ ló pa ẹnu pọ̀ sọ ọ́. Bàbá Ìjọ da orin bolẹ̀, wọ́n gbè é, orin ìkórè nígbà tí ìkórè ò tíì súnmọ́. Bó bá la ẹnu, wọ́n á gbé ohùn sókè. Àlùfáà fi ìwé orin bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tí èémí tán nínú wọn, ọmọ náà ní, "Bàbá mi ní ata ẹ̀ pọ̀, kí ẹ pọn omi sítòsí."

Àlùfáà ló kọ́kọ́ mú ẹran, èmi jẹ tèmi tẹ̀ lé e. Àlùfáà bi Bàbá Ìjọ pé, "Bàbá, ọkàn yín ńkọ́?"

"Ẹni ọ̀wọ̀, ara rẹ̀ ti ń yá díẹ̀díẹ̀."

Kí wọ́n tó jáde nínú ìsìn lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti kéde ìgbéyàwó mi.

A kì í dá ìkòkò àna padà lófìfo. Mo fọ̀ ọ́, mo to gbàǹja sínú rẹ̀, mo bá ọmọ náà gbé e lọ. Bàbá rẹ̀ wo inú ìkòkò, ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹni tó bá ti jẹ nínú ìkòkò mi, Ọlọ́run tirẹ̀ àti odò tèmi ti di ará ilé kan. Máa mú ọmọ mi lọ ní àlàáfíà."

Ọ̀rọ̀ ńlá ni, àbí? Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi hun ún. Gbogbo ọdún tí mo bá bàbá náà gbé, kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó sọ lọ́jọ́ náà ni pé kòkòrò ti wọ gbàǹja mi, kí n tètè wá fẹ́ ọmọ òun, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣa ọbì.