Ṣadé ò gbé fóònù

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ Ṣadé ọmọ-ọmọ mi!

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò létí òkun ní Badagry ni. Ó bu omi òkun fún ọmọ ẹ̀ tó ń ṣàìsàn nílé l'Ọ́fàtẹ̀dó. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọhùn títí a ó fi délé. Obìnrin tó fi ọmọ sí lọ́wọ́ ń pè é ṣáá, kò gbé e.

"Ṣadé, gbé fóònù yẹn!"

Ó mirí, ó ki fóònù bọ inú aṣọ.

Nígbà ogun Bìáfúrà, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Iléṣà lọ bu omi Ọ̀ṣun l'Óṣogbo fún àbúrò mi tí ibà dá dùbúlẹ̀. Èmi náà ò gbọdọ̀ fọhùn. Bí mo ṣe ń bọ̀, ọkọ ẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ wá pàdé mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé omi yẹn kalẹ̀, ẹ jókòó sẹ́yìn mi! Ó ń bèèrè yín!"

Mi ò dá a lóhùn. Mò ń rìn lọ, kí omi mi má bàa bàjẹ́. Kí n tó délé, wọ́n ti faṣọ bò ó lójú.

Fóònù Ṣadé tún ń dún báyìí. Ẹ̀yin ará Ọ̀fàtẹ̀dó, ta ló lè yà wo ọmọ yẹn fún mi?