Púrótéènì Àǹtí Mi

Bí àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, bá fẹ́ jẹun, wọ́n á kọ́kọ́ tẹjú mọ́ epo tó léfòó lójú ọbẹ̀, bí ẹni tó ń lálàá. Wọ́n á ní inú ara wa náà rí bẹ́ẹ̀: ọ̀rá ló yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká, àwọn púrótéènì kan sì wà tó jẹ́ pé bí ọ̀rá ò bá lẹ̀ mọ́ wọn, wọn ò ní lè dúró síbi iṣẹ́ wọn. Ọ̀kan péré nínú wọn ni àǹtí mi fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wà nílé wọn ní Ìkòsì nígbà tí àwòrán kan wọlé sórí fóònù wọn láti ilé ìwádìí. Púrótéènì náà ti lẹ̀ yí etí sẹ́ẹ̀lì ká, ó ń tàn bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Wọ́n pe Màmá Àgbà, ìyá wọn, ní Agboyi.

“Mọ́mì, ó ti dúró!”

Orin ọpẹ́ ni Màmá Àgbà fi dáhùn. Látìgbà tí àǹtí mi ti lọ́kọ, ọ̀rọ̀ tí Màmá Àgbà ń retí nìyẹn. Àǹtí mi fara ti ògiri, wọ́n dijú, wọ́n ń gbọ́ orin náà.

“Mọ́mì, kì í ṣe oyún. Iṣẹ́ mi ni.”

Orin dáwọ́ dúró.

“Ṣé ó máa ṣe ọmọ aráyé láǹfààní?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dáa. Jẹ́ kí n parí orin mi.”