Ánpílì Olùkọ́ Eusèbe àti Etí Samsoudine

Ó ti tó ọdún méjì tí etí Samsoudine, ẹni tí ń tún rédíò ṣe ní Bantè, ti ń di díẹ̀díẹ̀. Ohùn ènìyàn ṣì ń wọ etí rẹ̀ tí wọ́n bá sún mọ́ ọn, àmọ́ àwọn ohùn tín-ín-rín ti sá fún un. Rakia ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Àbí ta ni yóò gbé rédíò fún adití láti tún ṣe? Ni wọ́n bá dá ọgbọ́n. Rakia ń din àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bí rédíò bá ń kùn, yóò gbé ṣíbí sókè. Bí ohùn rẹ̀ bá mọ́, yóò máa din àkàrà rẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ yóò wá gbé àyà síwájú, yóò ní, "Ó ti dùn!"

Sátidé kan lọ́dún 1996, Rakia lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Savalou. Ọjọ́ náà gan-an ni Eusèbe, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan, gbé ọkọ̀ àlòkù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà dé. Ánpílì tó bá ọkọ̀ wá, èyí tó ń fún ohùn rédíò lágbára, ti kú pátápátá. Ó sì ti ra òmíràn dání. Samsoudine ì bá ní kó padà wá lọ́la, ìgbéraga ni ò jẹ́.

Ó tú ti àtijọ́ kúrò lábẹ́ ìjókòó. Ẹnu wáyà rẹ̀ ò bá ti tuntun mu, ló bá gé e. Ó ń fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan àwọn wáyà ní méjì-méjì, ó ń fi ìka kan ojú sípíkà: èyí tó bá ta, òun ló ni wáyà náà. Iṣẹ́ yìí ò bèèrè etí, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń súfèé. Ó de wáyà tó kẹ́yìn mọ́ irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

"Ó ti dùn!"

Eusèbe tan ọkọ̀, ó tan rédíò, ó sì fajú ro. "Bàbá, kí ló ń kùn bí ẹ̀fọn yìí? Bí mo ṣe ń tẹná ni òun náà ń pariwo sí i."

Samsoudine tẹ́tí, orin nìkan ló gbọ́. Ó bojú wo ibi agbada àkàrà Rakia. Agbada ti dojú dé. "Èmi náà ń gbọ́ ọ," ó parọ́. "Yóò lọ tó bá yá."

"Ẹ ṣì ń gbọ́ ọ báyìí?"

"Dáadáa!"

"Bàbá, mo ti pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀fọn ti dákẹ́."

Samsoudine rí i lọ́kàn bí ìròyìn náà yóò ṣe dé Pira àti Agoua nítòsí kí ilẹ̀ tó ṣú. "Etí mi ló di," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ìyá Ismath, ìyàwó mi, ló ń bá mi gbọ́. Bó bá gbọ́ ariwo, ó mọ ohun tó fà á."

Eusèbe ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. "Ẹ wọlé, ká lọ bá etí yín ní Savalou."

Ẹ̀fọn bá wọn rìn dé iwájú ilé ìsọmọlórúkọ. Àwọn àlejò jáde wá wòran. Rakia ki orí bọ inú ọkọ̀, ó fetí sílẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. Kò ní ṣíbí lọ́wọ́, ojú ènìyàn sì pọ̀, kò mọ bí yóò ṣe wí i.

"Wí i sókè," Samsoudine sọ fún un.

"Wáyà ìsàlẹ̀ ló jókòó lórí ọ̀dà. Kò kan irin."

Samsoudine kúnlẹ̀, ó ha ọ̀dà títí irin fi dán, ó sì tún wáyà náà dè. Eusèbe tẹná. Samsoudine dìde níwájú gbogbo wọn, ó bèèrè ohun tí kò bèèrè sókè rí:

"Ìyá Ismath, ṣé ó ti dùn?"

Rakia sún mọ́ etí rẹ̀. "Ó ti dùn," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ròkè dáadáa kí ọkọ rẹ̀ lè gbọ́.