Ó Kan Sẹ̀tọ́njí

Ìró fèrè kan ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí. Inú kọ̀ǹpútà ọmọbìnrin mi ló ti ń dún, mo sì yà wọlé tọ̀ ọ́ kí n tó rántí pé fèrè géèmù wa àtijọ́ ni. Géèmù ogun tí a ta nígbà èwe wa, tí wọ́n ní apá kejì rẹ̀ ń bọ̀, apá kejì ọ̀hún ló wá dé nígbà tí orí mi ti funfun. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ṣe é kò kánjú!

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, géèmù tiwa kì í ṣe ti yìnbọn-kí-o-sá. Ogun àfarabalẹ̀ ni. Ẹ ó to àwọn ọmọ ogun yín sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi ìlà pín kéékèèké, ẹ ó sún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì káwọ́ gbera kí ọ̀tá náà sún tirẹ̀. Ọmọ ogun tó bá kú ti kú nìyẹn.

Ilé wa ní ìlú Àpá létí òkun ni èmi àti Sẹ̀tọ́njí ọ̀rẹ́ mi ti ń ta á. Ọmọ apẹja ni, láti Tòpó. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, torí pé bàbá mi ní jẹnẹrétọ̀. Bàbá mi yìí kan náà ló fún wa lófin. Ọ̀tayò paraku ni, ó sì ní ohun tí kò yẹ nídìí ọpọ́n ayò kò yẹ níwájú tẹlifíṣọ̀n: ẹnìkan kì í ta ti ẹnìkejì fún un. A bá pín àwọn ọmọ ogun sí méjì. Bó bá kan Sẹ̀tọ́njí, tó sì wà ní ṣáláńgá, ogun dúró. Bí ọkọ̀ Tòpó bá fẹ́ lọ láàárín ìjà, a ó fi ogun pamọ́ sínú ẹ̀rọ di Sátidé mìíràn. Ìyá mi a máa bi mí pé, "Àwọn ológun yín ò tíì jẹun látọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

Kí n má parọ́, Sẹ̀tọ́njí kò mọ ogun-ún jà. Tafàtafà arúgbó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò lè rìn kíákíá, gbogbo wa la sì gbọ́dọ̀ dúró dè é. Màá pariwo pé, "Fi bàbá yẹn sílẹ̀ jàre, wọ́n á pa wá!" Òun a ní, "Nọte! Dúró ná. Ṣebí a jọ wá ni." Inú á bí mi, síbẹ̀ màá dúró.

Nígbà tí a ṣẹ́gun tán, ọbabìnrin tí à ń jà fún nínú géèmù náà wọ ọkọ̀ kọjá odò, wọ́n sì kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé ogun kò tíì parí. A búra lọ́jọ́ náà pé kò sẹ́ni tí yóò ta apá kejì láìsí ẹnìkejì.

Sẹ̀tọ́njí dàgbà, ó gba iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ó bá ọkọ̀ lọ sójú òkun lọ́jọ́ kan, wọn kò padà. Pátákó ọkọ̀ wọn ni omi gbé wá sétí òkun lọ́nà Ìwọ́rọ̀. A kò rí òkú sin. Ìyá rẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni pè é ní olóògbé títí tí òun náà fi papò dà. Èmi náà kò gbà. Apá kejì yìí ni mo fi ń tan ara mi: bó bá ti dé, Sẹ̀tọ́njí á dé.

Mo jókòó nídìí ẹ̀rọ. Mo pín àwọn ọmọ ogun sí méjì, mo sún tèmi. Ó wá kan Sẹ̀tọ́njí.

Ọmọ mi ní, "Dádì, ẹ jẹ́ n bá ọ̀rẹ́ yín ta á."

Mo ní rárá. Mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ bí èèyàn kò bá fẹ́ ta. Àwọn ọ̀tá dé, wọ́n ń ṣá àwọn ọmọ ogun Sẹ̀tọ́njí balẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí, ẹyọ kan kò gbé ẹsẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́.

"Dádì, wọ́n ń pa wọ́n tán o!"

"Mo rí i."

Lónìí, orí fóònù làwọn ọmọ Àpá ti ń ta géèmù, kálukú ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òfin bàbá mi ṣì wà lára mi ní tèmi, ṣùgbọ́n mi ò mọ ẹni tó kù tó wúlò fún. Òkun náà ṣì wà níbi tó wà, a sì ń gbọ́ ariwo rẹ̀ látilé.

Nígbà tí kò ku ẹnì kankan lápá ibẹ̀ mọ́, ọmọ mi ní ká tún un bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó pa ẹ̀rọ náà.

"Sẹ̀tọ́njí ti kú," ni mo wí fún un. Látọjọ́ tí omi ti gbé e lọ, n kò sọ ọ́ rí.