Ẹni Tó Ń Wọlé Lẹ́yìn Aago Méjì

Mẹ́fà ni wá ní ọ́fíìsì wa ní Liverpool Road, fíláàṣì kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la sì jọ ń lò. Iṣẹ́ wa ni ká bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Apapa, ìwé la sì fi ń ṣe é látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá tẹ ìwé tán á gbé e sínú fíláàṣì, á nà án sí ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, onítọ̀hún á tún nà án sí ọ̀gá. "Ta ló mú fíláàṣì?" la máa ń gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì jẹ ìwé ẹrù ọjọ́ mẹ́ta mọ́nú fíláàṣì náà, mo bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n fún mi ní ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì fún mi ní ọjọ́ méjì.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, nítòsí Boundary, mo ti ń tú rédíò àti fóònù palẹ̀ kí n tó mọ orúkọ ohun tó wà nínú wọn. Èyí tó kù, orí ayélujára ni mo ti kà á. Mo tú kọ̀ǹpútà náà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbá eruku inú rẹ̀, mo ki háàdì dísìkì méjì bọ̀ ọ́, mo sì fi ètò ọ̀fẹ́ kan sí i tí á sọ ọ́ di sẹ́fà, ìyẹn ni pé ibẹ̀ ni gbogbo wa á máa kó fáìlì sí, tí oníkálukú á sì ti máa mú tiẹ̀ láìdìde níbi tó jókòó sí. Mo fún un ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà, torí sẹ́fà kò gbọdọ̀ máa kó kiri bí ayálégbé. Bó bá kó lọ sí 192.168.1.10 lónìí, tó kó lọ sí 14 lọ́la, àwọn kọ̀ǹpútà yòókù á máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Mo ṣí fódà kan fún gbogbo wa, mo tún ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oníkálukú, pẹ̀lú orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tirẹ̀.

Nígbà tí ìwé tí mo gbé sí i ní yàrá iwájú ṣí ní yàrá ẹ̀yìn láìsí fíláàṣì, inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo wọn pé kí wọ́n wá wò ó. Bàbá akọ̀wé nìkan ló dìde. Àwọn ló ń ka kọ̀nténà tó bá jáde, tí wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn bí fóònù àwọn náà ṣe lè wọ inú sẹ́fà. Mo kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi bírò kọ ìgbésẹ̀ méjèèje sínú ìwé pélébé kan, wọn kò sì bi mí mọ́.

Kò ju oṣù mélòó kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé wọn ṣubú lọ́jọ́bọ̀ kan. Ọsibítù ni wọ́n kú sí. Mùsùlùmí ni wọ́n, àwọn ẹbí wọn sì gbé mọ́tò wá láti ọ̀nà Ìsẹ́yìn, wọ́n gbé òkú lọ, wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀gá rán ẹnì kan lọ kí ẹbí. Àga wọn wà níbi tó wà, kò sẹ́ni tó jókòó sí i.

Sẹ́fà ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ó ń kọ orúkọ ẹni tó wọlé, aago tó wọlé, àti àdírẹ́sì ẹ̀rọ tó gbà wọlé. Mo fẹ́ràn láti máa kà á bí àwọn mìíràn ṣe ń ka ìwé ìròyìn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí a ti sin bàbá akọ̀wé, mo ń wá ohun tó ń fa nẹ́tíwọọ̀kì sẹ́yìn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ni mo rí orúkọ wọn. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Àdírẹ́sì 192.168.1.37. Wọ́n wà nínú sẹ́fà lákòókò tí mò ń wò ó yẹn.

Orí mi wú. Mo bojú wo àga náà. Lẹ́yìn náà ni mo wá bá ara mi sọ̀rọ̀ bí onímọ̀: ẹnì kan ló ń lo orúkọ wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bi gbogbo ará ọ́fíìsì léèrè. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Awakọ̀ tírélà kan tó ń dúró de ìwé rẹ̀ gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Na overtime Baba dey do," ló wí. "Wọ́n ti di àkúdàáyà. Ṣé ẹ máa san owó oṣù wọn?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, èmi náà fi tipátipá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọnú mi lọ. Ohun tí ìyá mi máa ń sọ nípa àkúdàáyà ni pé ó lè wà ní ìlú mìíràn kó máa ṣiṣẹ́, kó máa jẹun, kó máa kí aládùúgbò. Ọjọ́ tí ojúlùmọ̀ rẹ̀ bá yọ sí i ló máa pòórá.

Lọ́jọ́ kejì, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, orúkọ náà tún yọ. Àkókò tí bàbá máa ń ti ìrun ọ̀sán dé gan-an nìyẹn. Mo gbé láptọ́ọ̀pù mọ́ àyà, mo sọ̀ kalẹ̀ láti lọ wá ẹ̀rọ náà káàkiri ọgbà. N kò tíì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ìta tí 37 fi pòórá. Lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Bí mo bá jókòó, ó wà. Bí mo bá jáde, ó lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ́fíìsì lọ́sàn-án gangan bí ẹni tó ń wọ ilé òfìfo.

Mo lọ sọ fún ọ̀gá. Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹni tó ti kú kì í ní fódà," wọ́n ní. "Akọ̀wé tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Pa á rẹ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ pa fódà rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìwé iṣẹ́ wà níbẹ̀, nítorí náà mo ṣí i. Mo bá ìwé kọ̀nténà, mo bá fọ́tò tapólì tó ya, àwọn tapólì fífẹ̀ tí wọ́n fi ń bo ẹrù orí tírélà. Lábẹ́ wọn ni mo ti rí fáìlì ohùn mọ́kànlélógójì. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n gba èyí àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn ikú bàbá ni.

Mo ki íáfóònù bọ etí, mo yan ọ̀kan láàárín. Ariwo tírélà ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan.

"Ẹ kú ọ̀sán o. Èmi ni. Òjò àná wọlé sábẹ́ àtíbàbà, gbogbo òwú ló tutù. Abẹ́rẹ́ ńlá yẹn ti ṣẹ́. Ẹ ò tíì sọ ibi tí wọ́n tẹ́ yín sí fún mi."

Mo pa á. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni mo gbọ́, ojú sì tì mí fún gbogbo rẹ̀, nítorí mo mọ ohùn náà. Obìnrin tó ń rán tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa ni, ní ìsàlẹ̀ fèrèsé wa gan-an, níbi tí wáífáì wa ń dé. Ó jù mí lọ bí ọdún mẹ́wàá, àǹtí ni mo ń pè é. Ojoojúmọ́ la ń kí ara wa.

Lọ́jọ́rú, mo fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti rí fáìlì náà, mo sì ti gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀kan, kó má bínú. Ó ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́, kò sì dáwọ́ dúró. Ó béèrè pé èwo ni mo gbọ́. Mo ní èyí tó sọ̀rọ̀ òjò.

"Ìyẹn kọ́ ló dùn jù níbẹ̀," ó ní.

Ó wá ṣàlàyé, ojú rẹ̀ kò kúrò lára tapólì. Fóònù kejì tí bàbá ní ni òun ń lò. Bàbá ló fún un, tí wọ́n sì tò ó kí fọ́tò tapólì tó bá tún ṣe lè máa bọ́ sínú fódà wọn tààrà, kí wọ́n lè kọ rìsíìtì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tapólì nìkan kọ́ ló wà láàárín wọn. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti jọ ń fẹ́ra. Bàbá ní ìyàwó nílé, òun sì jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, wọn kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ikú yẹn, ilé rẹ̀ ní Marine Beach ló wà. Nígbà tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọlọ́dẹ sọ fún un pé wọ́n ti gbé bàbá lọ sílé. Ó béèrè pé ilé wo. Ọlọ́dẹ ní òun kò mọ̀, ṣé mọ̀lẹ́bí wọn ni? Kò lè béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Láti ìgbà yẹn, bó bá ti di àkókò tí bàbá máa ń ti ìrun dé wá kí òun, á sọ̀rọ̀ sínú fóònù, á sì gbé e sínú fódà. Bó bá sì rí mi tí mò ń gbé láptọ́ọ̀pù bọ̀, á pa wáífáì, nítorí ó rò pé olè ni wọ́n máa pe òun.

Mo sọ ohun tí ọ̀gá pa láṣẹ fún un. Abẹ́rẹ́ dúró. Mo yára sọ pé mo lè kó gbogbo rẹ̀ sórí fóònù rẹ̀, kò ní pàdánù ẹyọ kan.

Ó mi orí. "Bó bá wà lọ́wọ́ mi, ara mi nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ yẹn ni mo mọ̀ pé wọ́n máa ń jókòó sí, àbúrò."

Mo padà sókè. Ohun kan wà nínú sẹ́fà tí kì í ṣe píparẹ́: ìlà kan ṣoṣo lẹ máa kọ, fódà á sì kúrò nínú àtẹ tí gbogbo èèyàn ń rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ orúkọ rẹ̀ àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀ á ṣì máa wọlé. Mo kọ ìlà náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀gá wo àtẹ, wọn kò rí orúkọ bàbá, wọ́n ní mo ṣeun. N kò pa irọ́, n kò sì sọ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ inú fáìlì yẹn kò sì fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Mo wá nọ́ńbà àbúrò bàbá nínú ìwé òṣìṣẹ́, mo pè é, mo ní àwa ará ọ́fíìsì fẹ́ mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Ó ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa. Mo kọ ọ́ sórí pépà, orúkọ ìlú, orúkọ àdúgbò, ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mo fún àǹtí. Ó ká a sínú agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló lọ. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó ti jókòó tì tapólì. Ó ní ìyàwó bàbá fúnra rẹ̀ ló mú òun dé ibojì. Wọ́n fún òun lómi tútù, wọ́n béèrè ẹni tí òun jẹ́.

"Mo ní èmi ni mò ń rán tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní àá, bàbá máa ń dárúkọ mi." Ó fa òwú. "Wọ́n dúró tì mí títí mo fi ṣe tán. Mi ò rí nǹkan kan sọ."

Lọ́jọ́ náà, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, 37 wọlé. Mo jókòó. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, mo rí fáìlì tuntun tó ń bọ́ sínú fódà, mẹ́gábáìtì kan, méjì, márùn-ún, mọ́kànlá. Ó dúró ní mọ́kàndínlógún. Kò sí èyí tó gùn tó o nínú gbogbo wọn. N kò ṣí i. Lẹ́yìn ìyẹn, 37 kò wọlé mọ́, lọ́jọ́ kejì, lọ́sẹ̀ kejì, títí di òní. Bí aago bá ti lu méjì, ojú mi ṣì ń lọ síbi àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú háàdì dísìkì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́ẹ́kẹ́ kẹ́ẹ́kẹ́, a sì ra kọ̀ǹpútà tuntun. Fódà bàbá ni mo kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀, ṣáájú ìwé ọ́fíìsì. Mo ka iye fáìlì níhìn-ín, mo kà á lọ́hùn-ún, wọ́n pé. Bí mo ṣe ń gbé ògbólógbòó náà jáde gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà, àǹtí rí i lápá mi. Ó dìde.

"Wọ́n ṣì wà níbẹ̀?"

Ó lè jẹ́ àwọn fáìlì ló ń béèrè. Ó lè jẹ́ bàbá, torí kò fìgbà kan pè wọ́n ní "ó" rí. N kò bi í.

"Wọ́n wà níbẹ̀, àǹtí."

Ó jókòó, ó fa tapólì sórí ẹsẹ̀, ó sì ń wá ibi tó ti rán an dé.